Ó Rẹ̀ Mí, Mo sì Ń Bínú: Ṣé Mo Ti Pàdánù Sùúrù Kristẹni Ni?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí àwọn ènìyàn dá a mọ̀ kúrò. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bàbá. Ọdún kẹfà rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá mi, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn láti ìgbà náà. Wọn kò lè dá rìn, iyè wọn náà kò sì ṣe déédéé mọ́. Wọ́n lè bi mí ní ìbéèrè kan náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ti gbàdúrà, mo ti gbààwẹ̀, ara wọn kò yá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní iṣẹ́ Ọlọ́run kò jẹ́ kí òun ráyè, àbúrò mi obìnrin kì í gbé ìpè mi mọ́. Lóṣù tó kọjá mo jágbe mọ́ màmá, wọ́n sì bú sẹ́kún. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà wa, ó ní èso Ẹ̀mí kò sí lára mi, àti pé àìnísùúrù mi gan-an ló ń dá ìwòsàn màmá dúró. Láti ọjọ́ náà, n kò lè gbàdúrà dáadáa mọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? Ṣé lóòótọ́ ni mo ti pàdánù sùúrù?”

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ìfaradà. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ọ̀ràn mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀ tí wọ́n ti so pọ̀ di ẹrù kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gbé e lé yín lórí. Àkọ́kọ́ ni ti Ọlọ́run tí ẹ ń ké pè, tí ìwòsàn kò sì tíì dé. Èkejì ni ti ìyá yín, aláìlera tí ìtọ́jú rẹ̀ ń gba gbogbo okun yín. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, àwọn tí ara wọn le, tí wọn kò sì ṣe ojúṣe wọn. Sùúrù ni a ń pe ohun tí a nílò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ohun tí sùúrù ń béèrè lọ́wọ́ yín sí Ọlọ́run yàtọ̀ sí èyí tó ń béèrè sí ẹni tó wà lórí ibùsùn, èyí sì tún yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ̀ láti wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tí aṣáájú yín sọ, nítorí mo rí i pé òun ló gún yín lọ́kàn jù.

N kò rí ibì kankan nínú Ìwé Ìhìn Rere tí Jésù ti sọ fún ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn pé ìbínú rẹ̀ ló dí ọ̀nà ìwòsàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, tí wọ́n sì béèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, Jésù kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Òótọ́ ni pé ó bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wí nítorí àìgbàgbọ́ wọn nígbà tí wọn kò lè lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde kúrò lára ọmọkùnrin kan, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń mú ẹ̀kọ́ bí irú èyí tí wọ́n fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá ọmọ náà, ẹni tó ti ń ru ìnira àìsàn náà láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní kékeré. Ohun tó sọ kò ju pé òun gbàgbọ́, kí Jésù ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù gba ìwọ̀nba tó mú wá, ọmọ náà sì rí ìwòsàn. Àwọn tó wá ṣe ìwòsàn ni ó bá wí. Olùtọ́jú tó ti rẹ̀, àánú ni ó rí gbà.

Ẹ tún wo àwọn tí ara wọn kò yá láàárín àwọn tó sún mọ́ Pọ́ọ̀lù. Ó gba Tímótì nímọ̀ràn nítorí àìlera tó ń ṣe é lemọ́lemọ́; ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn; òun fúnra rẹ̀ bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, èsì tó sì rí gbà ni pé, “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.” Kò sí ẹni tó wádìí ẹni tó jágbe nínú ilé wọn. Ábúráhámù náà, tí a ń pè ní bàbá ìgbàgbọ́, kò dúró dáadáa bí a ti máa ń sọ ọ́. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó kúrò ní Háránì pẹ̀lú ìlérí. Nígbà tó di ẹni ọdún 86, ó ti bí Íṣímáẹ́lì nípasẹ̀ Hágárì, nítorí òun àti Sárà rò pé ó yẹ kí àwọn wá ọ̀nà mìíràn. Ẹni ọdún 100 ni nígbà tí a bí Ísáákì. Àìnísùúrù wọn dá ìrora sílẹ̀ nínú ilé náà, pàápàá fún Hágárì àti ọmọ rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ìyẹn. Síbẹ̀ kò fagi lé ohun tí Ọlọ́run ti sọ. Ẹ̀kọ́ tó ń sọ sùúrù di owó tí a fi ń ra ìdáhùn àdúrà ń ba ọkàn jẹ́ lọ́nà méjì: ẹni tó rí ìdáhùn yóò rò pé òun ló sanwó rẹ̀, ẹni tí kò sì rí i yóò máa ka gbèsè tí kò jẹ.

A ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà fi ń gba ènìyàn níyànjú, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìmọ̀ràn rere ni, ó sì ń ṣẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n fi ẹ̀sọ̀ tọ́jú ẹni wọn, tí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ, tí àìsàn náà sì gba ibi tó fẹ́ gbà. Lẹ́tà sí àwọn Hébérù kò fi èyí pa mọ́. Orí 11 ìwé náà ka àwọn ẹni ìgbàgbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ gbangba pé wọ́n kú láì tíì rí àwọn ìlérí náà gbà. Òkèèrè ni wọ́n ti rí wọn. Nítorí náà, bí ara ìyá yín kò bá yá, ìyẹn kò ní jẹ́ ẹ̀rí pé sùúrù yín kò pé.

Kí wá ni sùúrù? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà, kọ ìwé kékeré kan lórí rẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń padà sí. Ó ní àwọn olè náà ń fara da òtútù, ebi àti ewu kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ jí, a kò sì gbọdọ̀ yin ìyẹn gẹ́gẹ́ bí sùúrù. Ìdí tí ènìyàn fi ń fara dà á ni ká wò. Bí a bá gba ọ̀nà yẹn, a óò rí i pé kì í ṣe bí ojú ènìyàn ṣe tutù tó ni a fi ń wọn sùúrù. Ẹni tí ojú rẹ̀ tutù lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Sùúrù Kristẹni ni pé kí ìbànújẹ́ àti ìnira má ṣe mú wa kọ ohun rere tí ìfẹ́ rán wa. “Ìfẹ́ a máa mú sùúrù, a sì máa ṣeun,” ni Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Inú ìfẹ́ ni sùúrù ti ń jáde. Ẹni tó ń jí ní òru láti yí ìyá rẹ̀ nípò padà kí ara rẹ̀ má baà dá egbò, tó tún ṣe é ní òru kejì, tó sì ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́fà, ohun tó ń ṣe yẹn gan-an ni sùúrù, bí omijé tilẹ̀ wà lójú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ní sùúrù kì í ráhùn sí Ọlọ́run. Jákọ́bù fi Jóòbù ṣe àpẹẹrẹ sùúrù fún wa, bẹ́ẹ̀ ni Jóòbù yìí kan náà fi odindi orí kẹta ìwé rẹ̀ gégùn-ún fún ọjọ́ tí a bí i, tó sì bá Ọlọ́run jiyàn títí dé òpin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣàlàyé pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa ìyà tó ń jẹ ẹ́, ni Ọlọ́run bínú sí. Jóòbù ni ó ní ó sọ ohun tó tọ́ nípa òun. Ẹ ka Sáàmù kẹtàlá: ní ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ nìkan, Dáfídì béèrè nígbà mẹ́rin pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù kejìdínláàádọ́rùn-ún tilẹ̀ parí sínú òkùnkùn, kò sí ẹsẹ ìyìn kan ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀ kì í béèrè ìgbà tí yóò dé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ dídúró dè é.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ igbe tí ẹ ké mọ́ ìyá yín. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìyá yín sunkún, ó dùn wọ́n, ìwà tó dun aláìlera bẹ́ẹ̀ sì yẹ ní bíbẹ̀bẹ̀ fún, kódà bí wọ́n bá máa gbàgbé ẹ̀bẹ̀ náà kí ẹ tó kúrò nínú yàrá. Ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú, kí ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ màmá, mo pariwo mọ́ yín, kò dára.” Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run náà, kí ẹ sì gbà pé ó ti dárí jì yín. Bíbélì kò sọ pé a kò gbọdọ̀ bínú rárá. Ohun tó sọ ni pé, bí a bá bínú, kí a má ṣẹ̀, kí òòrùn má sì wọ̀ bá ìbínú wa. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn ni kí a wádìí ohun tó fà á, ibí sì ni mo rò pé aṣáájú yín ti kùnà jù, nítorí ó rí èso kíkorò, kò sì béèrè bóyá igi náà rí omi mu.

Nínú ohun tí mo ti rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, kì í sábà jẹ́ ìwà burúkú ló ń mú wọn jágbe. Oorun tí wọn kì í sùn tán ni, àti iṣẹ́ tí kò ní òpin tí ojú lè rí. Ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà wà láàyè, nítorí ìyá tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀ kò dá ọjọ́ mọ̀ mọ́. Ní ti ìbéèrè tí wọ́n ń bi yín lábitúnbi, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ lè ba ibi tí ọpọlọ ń fi ohun tuntun pamọ́ sí jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdáhùn tí ẹ fún wọn kò fi ní rí ibi jókòó sí. Lójú wọn, ìgbà kìíní ni wọ́n ń béèrè ní gbogbo ìgbà. Ìbẹ̀rù ló sábà máa ń wà lábẹ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: “Aago mélòó ni?” lè túmọ̀ sí “Ṣé ẹnì kan wà níbí?” Bí ẹ bá dáhùn ní ṣókí, tí ẹ sì fọwọ́ kàn wọ́n, ó lè tù wọ́n nínú ju àlàyé lọ. Nígbà tí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n lára pé igbe fẹ́ jáde, tí màmá wà ní ipò tí wọn kò ti lè ṣubú, ẹ jáde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Jíjáde bẹ́ẹ̀ kì í ṣe sísá fún ojúṣe.

Ẹ ka ìtàn Èlíjà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Wòlíì ńlá yìí jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ìbáwí kọ́ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i pé kí ó jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kí ó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn jù fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún bá tiyín mu jù ni ti Mósè nínú ìwé Númérì orí 11. Ó bi Ọlọ́run pé ṣé òun ló lóyún gbogbo àwọn ènìyàn yìí, tí òun fi gbọ́dọ̀ máa gbé wọn sí àyà bí ọmọ ọmú. Ó ní òun nìkan kò lè rù wọ́n, pé ó wúwo jù fún òun, pé kí Ọlọ́run kúkú pa òun. Ọlọ́run kò sọ fún un pé kí ó lọ ní sùúrù sí i. Ó ní kí ó kó 70 àgbà jọ, kí wọ́n lè bá a ru ẹrù náà.

Ní ti pé èso Ẹ̀mí kò sí lára yín, èso kì í so lọ́jọ́ kan, Jákọ́bù sì fi àgbẹ̀ tó ń dúró de òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò kọ́ wa ní ìyẹn. Tertullian ti ìlú Carthage, tó kọ̀wé lórí sùúrù ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, bẹ̀rẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú ìjẹ́wọ́ pé òun gan-an kò ní in, pé bí aláìsàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera ni òun rí. Ẹni tó ń kẹ́dùn pé sùúrù òun kò tó ti wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ń jágbe mọ́ aláìlera láì kà á sí nǹkan kan ni kí ẹ̀rù máa bà.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, níbi tí mo ti fura pé ẹ ti fi ìdákẹ́jẹ́ pe sùúrù. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí 5 ẹsẹ 14, Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ pa pọ̀ nínú gbólóhùn kan: kí a kìlọ̀ fún àwọn tí ń rìn ségesège, kí a tu àwọn tó rẹ̀wẹ̀sì nínú, kí a ran àwọn aláìlera lọ́wọ́, kí a sì mú sùúrù fún gbogbo ènìyàn. Ìkìlọ̀ àti sùúrù kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Òun náà tó kọ ọ́, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án láìtọ́, ó béèrè bóyá òfin gbà kí wọ́n na ará Róòmù, nígbà tó sì rí i pé òun kò ní rí ẹjọ́ òdodo gbà, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì. Ẹ̀gbọ́n yín tó ní iṣẹ́ Ọlọ́run kò jẹ́ kí òun ráyè, kí ó ka Máàkù orí 7, níbi tí Jésù ti bá àwọn tó ń fi ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ṣe àwáwí láti má ṣe tọ́jú bàbá àti ìyá wọn wí. Kí ó sì ka Tímótì Kìíní orí 5, tó sọ pé ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ tó le ni, kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́.

Bí ẹ bá máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kò ràn mí lọ́wọ́ rí,” bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí ẹni tí a bá fẹ̀sùn kàn máa ń wá àwíjàre ni. Ẹ béèrè ohun kan tí wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí: kí ẹ̀gbọ́n wá sùn ti màmá lálẹ́ ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí àbúrò máa san owó oògùn láti oṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, Mátíù orí 18 ní kí a mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ẹ lè pe àgbà kan nínú ẹbí tàbí àlùfáà tí ẹ̀gbọ́n yín bọ̀wọ̀ fún. N kò lè ṣèlérí pé wọn yóò gbọ́. Mo ti rí àwọn tó yí padà lẹ́yìn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó tún jìnnà sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ tán pátápátá, sùúrù yóò wá túmọ̀ sí pé kí ẹ má gbẹ̀san, kí ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò ní túmọ̀ sí pé kí ẹ máa sọ pé kò dùn yín.

Àwọn ọ̀nà tó wà níwájú yín kò pọ̀, kò sì sí èyí tí kò ní ìnira. Ẹ lè gba ẹni tí ẹ óò máa sanwó fún láti wá ràn yín lọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, bí agbára bá wà. Màmá lè kọ àjèjì lákọ̀ọ́kọ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìwà ẹni náà dáadáa kí ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè bẹ ìjọ yín kí àwọn ará máa gba ipò lọ́wọ́ yín. Bí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó ṣeé fọkàn tán bá wà nítòsí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti rò ó. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ ti kọ ìyá yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì dùn yín, ṣùgbọ́n Jésù fúnra rẹ̀, lórí àgbélébùú, fi ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn kan lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀yìn náà sì mú un lọ sí ilé rẹ̀. Fífi òbí lé ọwọ́ rere lè jẹ́ ìtọ́jú. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tí mo lòdì sí nìkan ni èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ báyìí, pé kí ẹ máa dá a ṣe títí ara yín yóò fi dá yín dúró.

Ohun kan wà tí n kò lè sọ fún yín, ìyẹn ni ìdí tí Ọlọ́run kò fi tíì wo ìyá yín sàn. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n ń sọ ju ohun tí a fi hàn án lọ. N kò sì lè mọ̀ láti inú lẹ́tà bóyá àárẹ̀ lásán ni àìlègbàdúrà yín tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn. Bí oorun bá dá lójú yín àní nígbà tí àyè rẹ̀ wà, tí oúnjẹ kò wù yín, tí ohunkóhun kò mú inú yín dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà fún ara tiyín. Bí ó bá sì wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín lára tàbí láti ṣe màmá léṣe, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ní ti àdúrà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá sí lẹ́nu yín, ẹ ka Sáàmù kan sókè létí màmá. Àwọn orin àti àdúrà tí aláìsàn ti mọ̀ láti kékeré máa ń pẹ́ lọ́kàn ju ohun tuntun lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá yín kà á.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ní ẹ kò yẹ. Bí kíláàsì náà bá ń fún yín ní ayọ̀, ẹ máa ṣe é lọ. Bí ó bá ti di ẹrù kún ẹrù, ẹ gba ìsinmi fún oṣù díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ náà pé ìtọ́jú màmá ló fà á, kí ó mọ ohun tí ẹ ń là kọjá, kí ó sì lè rán ẹnì kan wá jókòó ti màmá lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kí ẹ̀yin lè sùn.